Ọwọ́ Wo Ni A Ó Fi Júwe Ilé Baba Wa?

Ìwé àjọ̀dún bí irú èyí kì í ṣe ibi tí a ti ń wo fọ́tò aṣọ ẹbí nìkan. Ó tún jẹ́ ibi tí àgbà àti ọmọdé ti lè forí korí lórí ọ̀rọ̀ tó bá jẹ wá lógún. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́dún yìí jẹ mọ́ òwe kan tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ìbéèrè mi nìyí. Bí ọmọ wa kan bá kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì kó ọ̀rọ̀ inú ilé sínú rẹ̀, ìyẹn ìjà bàbá àti ìyá, ọ̀rọ̀ orogún, ọ̀rọ̀ àìrọ́mọbí, àti ohun tí ẹbí ti gbà láàrin ara wọn pé àwọn kò ní sọ, ṣé ọwọ́ òsì ló fi júwe ilé baba rẹ̀ yẹn? Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni ká pè é, tàbí olóore? Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ sí yunifásítì nìkan nìyí. Kò sí ìdílé kan nínú wa tí kò ní àpótí kan tí wọn kì í ṣí lójú ọmọdé.

Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Nílé Ìtàwé

Ní àwọn ìlú ńláńlá wa, ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abuja, ó ti di àṣà pé bí òǹkọ̀wé bá gbé ìwé tuntun jáde, ilé ìtàwé kan á pè é kó wá bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀. Wọn á to àga, wọn á to ìwé náà sórí tábìlì fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Òǹkọ̀wé á ka ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta sétígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn, ẹnì kan tó jókòó tì í á bi í ní ìbéèrè, lẹ́yìn náà wọn á gbé máíìkì fún àwọn tó wà níjòókòó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná.

Bó bá jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ òǹkọ̀wé náà ni, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ yọjú: “Ṣé ìtàn ìgbésí ayé yín ni?” Bó bá jẹ́ obìnrin ló kọ ọ́, èkejì á tẹ̀ lé e kíá: “Kí ni ọkọ yín wí? Ṣé àwọn òbí yín ti kà á?” Bí àgbàlagbà kan bá sì wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó dìde, kó tún agbádá rẹ̀ ṣe, kó gbóríyìn fún ọmọ náà dáadáa, kó tó wá fi ìbínú díẹ̀ béèrè pé: “Kí ló dé tó jẹ́ kìkì ohun tí kò dára nípa wa ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń kọ fún òyìnbó kà?”

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò yọ Kaduna sílẹ̀. Oṣù keje ọdún 2017 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tí a mọ̀ sí Kabafest ní ìlú yìí. Ọmọ Yorùbá ló ṣáájú ètò náà, ìyẹn Lọlá Shónẹ́yìn, ẹni tó ti dá irú rẹ̀, Aké Festival, sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 2013. Shónẹ́yìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ìbéèrè àgbà tí mo sọ yẹn, nítorí ìwé ìtàn àròsọ tirẹ̀ àkọ́kọ́, The Secret Lives of Baba Segi's Wives, tó jáde ní 2010, inú yàrá àwọn ìyàwó ilé kan ní Ìbàdàn ló gbé wa wọ̀. Baálé ilé náà ní ìyàwó mẹ́ta tó ti bímọ fún un. Ìyàwó kẹrin, Bọ́láńlé, tó jáde yunifásítì, ni kò rí oyún ní. Nígbà tí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ láti wádìí ohun tó ń ṣe é, àṣírí àwọn mẹ́ta tó kù ló tú. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kà á. Àwọn mìíràn ní ó ti fi ilé olórogún Yorùbá ṣe ẹlẹ́yà.

Ọdún méje lẹ́yìn náà, ní 2017, Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tó dàgbà ní Ilé-Ifẹ̀ gbé ìwé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, Stay With Me. Iléṣà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, láàrin àwọn ọdún 1980. Yéjídé àti Akin fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n ọmọ kò dé, àwọn ẹbí ọkọ sì mú ìyàwó mìíràn wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tí ọmọ wá dé, àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde, tí gbogbo wa ń pè ní síkùlà, bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, ohun kan wà tí ọkọ mọ̀ tí ìyàwó kò mọ̀. N kò ní sọ ọ́, kí ẹni tí kò tíì ka ìwé náà lè rí i kà. Ìwé yìí wọ ipele àṣekágbá ẹ̀bùn Baileys ti ọdún 2017 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé. Ìbéèrè yẹn náà kò ṣàì tẹ̀ lé e: ṣé dandan ni kí gbogbo ayé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàrin ọkọ àti aya ní Iléṣà?

Ọ̀rọ̀ Yìí Ti Pẹ́ Nílẹ̀

Àwọn kan á ní ọ̀làjú ló kó èyí dé, pé àwọn baba wa kì í tú ilé síta. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

Láti 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde léraléra. Ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti dàgbà, àìsàn ti dá òun wó, òun sì fẹ́ jẹ́wọ́ bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun láàrin àwọn ọkùnrin Èkó kí òun tó kú. Àwọn ará Èkó ń fi ìháragàgà dúró de ìwé ìròyìn náà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé èèyàn gidi ni, tí wọ́n sì ń káàánú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló jókòó kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè “ṣé òótọ́ ni?” kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wo ìwé tí gbogbo wa fi ń yangàn, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé jáde ní 1938. Ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Àkàrà-oògùn wá bá akọ̀wé kan, ó ní kó mú gègé, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ti gbọ́, èrò sì ti pé jọ láti gbọ́ ìyókù. Ìjókòó òǹkọ̀wé tí à ń sọ yìí gan-an ni Fágúnwà ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé yẹn. Kí sì ni ohun tí Àkàrà-oògùn kọ́kọ́ sọ? Ó ní àjẹ́ paraku ni ìyá òun, bàbá òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Àṣírí ilé wo ló tún ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó pe Fágúnwà ní ọ̀dàlẹ̀. Ńṣe ni a fún àwọn ọmọ kà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé yìí náà ni bàbá ọ̀hún wà lẹ́nu rẹ̀ títí ikú fi dé bá a nítòsí Bida, ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1963.

Nígbà tó di 1952, Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó, gbé The Palm-Wine Drinkard jáde ní London. Inú òyìnbó dùn sí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ló bínú. Ní 1954, wọ́n kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn West Africa pé Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin yìí kò pé, pé ó ń dójú tì wá, pé òyìnbó á rò pé bí gbogbo wa ṣe ń ronú nìyẹn. Ẹ wò ó o: Àkàrà-oògùn tó ní bàbá òun pa ìyá òun kò dójú tì wá, ọkùnrin tó ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó ti kú kiri ọ̀run ló dójú tì wá.

Àlejò Ló Gbọ́

Kí ló fa ìyàtọ̀? Lójú tèmi, Yorùbá ni Thomas àti Fágúnwà fi kọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò nínú agboolé. Gẹ̀ẹ́sì ni Tutùọlá, Shónẹ́yìn àti Adébáyọ̀ fi kọ tiwọn, àlejò sì gbọ́. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ òdodo fún ara wa, ohun tó ń bí wa nínú kì í ṣe pé ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ inú ilé. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká gba tẹni tó ń bínú yẹn rò o, nítorí kò ṣàì ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ló kà nípa Yorùbá, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ tó ń tan ìyàwó jẹ ló wà nínú rẹ̀, lè máa fi ojú yẹn wo gbogbo wa títí ayé. Àwa tí a wà ní ìlú onílùú mọ bó ṣe ń dunni tó kí wọ́n fi ìwà ẹnì kan mú gbogbo ẹ̀yà. Bí ọmọ Yorùbá kan bá jẹ owó àjọ sá lọ ní ọjà, àwọn èèyàn kò ní dárúkọ rẹ̀. “Bayarabe” ni wọn á sọ, gbogbo wa ni ìtìjú á sì kàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ni àlejò náà gan-an? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a bí sí Mando ń fi Hausa ṣeré ní àdúgbò, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, Yorùbá tí wọ́n sì gbọ́ kò ju “ẹ káàárọ̀ mà” àti “mò ń bọ̀” lọ. Bí a bá gbé ìwé Fágúnwà fún wọn, wọn á dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá máa mọ bí ilé ọkọ ṣe ń rí ní Iléṣà, tàbí bí olórogún ṣe ń gbé ní Ìbàdàn, inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò ti kà á. Èyí túmọ̀ sí pé àlejò tí a ń bẹ̀rù pé kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa, ọmọ bíbí inú wa ni nígbà mìíràn. Òyìnbó tó ka ìwé náà yóò pa á dé, yóò lọ mu tíì. Ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa tẹ̀ lé dé ilé ọkọ.

Ohun Tí A Bò àti Ẹni Tí A Fi Bò

Yorùbá fẹ́ràn àṣírí bíbò. Bí a bá ń gbàdúrà, a ní kí Ọlọ́run bò wá láṣìírí. Ọmọlúàbí kì í rí ìhòòhò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kó pariwo. Bí aládùúgbò kò bá rí oúnjẹ jẹ lánàá, tí o mọ̀, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lọ́jà. Irú àṣírí yìí dà bí aṣọ: aláìní ni ó ń bò.

Ṣùgbọ́n ìbòmọ́lẹ̀ mìíràn wà tó yàtọ̀ sí èyí. Ẹ jẹ́ ká fi síkùlà ṣe àpẹẹrẹ, níwọ̀n bí ìwé Adébáyọ̀ ti gbé e wá síwájú wa. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ń gbé AS kiri nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìsí àìsàn kankan lára. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé SS ni ọmọ náà yóò jẹ́. Láyé àtijọ́ a kò mọ èyí. Bí ọmọ bá ń kú léraléra, a ní àbíkú ni, a ń sọ ọ́ ní Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, a sì ń kọ ọ́ lára. Àwọn baba wa kò mọ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹ̀sùn lọ́rùn wọn. Àwa tí a mọ̀ lónìí ńkọ́? Ẹbí tó mọ̀ pé SS ni àbúrò ìyàwó, tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ kí ìgbéyàwó má bàa bàjẹ́, ta ni wọ́n ń bò láṣìírí? Ọmọ tí wọn kò tíì bí ni yóò san gbèsè ìdákẹ́jẹ́ yẹn, pẹ̀lú eegun tó ń ro ó lóru.

Bákan náà ni ọkùnrin tó mọ̀ pé òun ni kò lè bímọ, tó dákẹ́, tó jẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa pe ìyàwó ní àgàn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn bo ọkùnrin náà dáadáa, ṣùgbọ́n ńṣe ló bọ́ aṣọ lára ìyàwó rẹ̀ láti fi bo ara tirẹ̀.

Nítorí náà, n kò rò pé ìbéèrè tó yẹ ká máa bi òǹkọ̀wé ni “Kí ló dé tí o fi sọ ọ́?” Èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa ni: ta ni ìdákẹ́jẹ́ wa ń bò, ta ló sì ń pa lára? Bó bá jẹ́ aláìlágbára ni a fi bò, òǹkọ̀wé tó bá ṣí i ti ṣẹ̀. Bó bá jẹ́ pé alágbára ni a fi bò, tí aláìlágbára ń kú sábẹ́ rẹ̀, ẹni tó ṣí i kò tú wa láṣìírí. Ó là wá lójú ni.

Irọ́ Kọ́ ni Àlọ́

Ẹnì kan lè ní: bó bá jẹ́ òótọ́ ló fẹ́ sọ, kí ló dé tí kò sọ òótọ́ náà ní ṣàkó, tó fi ń dá àwọn èèyàn sílẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀? Ṣé irọ́ kọ́ ni?

Àwọn ìyá wa àgbà ti dáhùn èyí kí a tó bí wa. Bí apàlọ́ bá pàlọ́ tán, á ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ròó, á sì fi ìka gbá ẹnu rẹ̀, pó, pó, pó. Ìtàn Ìjàpá tó gun orí ọ̀pẹ tó ń bá ọ̀pẹ sọ̀rọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yẹn o! Síbẹ̀ ó búra, agogo ẹnu rẹ̀ sì ró. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹni tó ń tan èèyàn jẹ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kọ́ni ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè àdúgbò tí Ìjàpá ń gbé. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀kánjúwà tó wà ní agboolé ló mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, kò sì sí ìjà, nítorí wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Àǹfààní àròsọ nìyẹn. Ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí ẹni tó ni ín láìna ìka sí i. Ṣùgbọ́n àǹfààní yìí ni òǹkọ̀wé náà gbọdọ̀ ṣọ́. Bó bá kàn yí orúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀ padà, tó fi ìlà ojú rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, tí gbogbo àdúgbò fi dá a mọ̀, kì í ṣe àròsọ ló kọ mọ́. Ó fi ìwé gbẹ̀san ni. Ìyá tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì kò lè kọ ìwé tirẹ̀ láti fi dá a lóhùn. Ọwọ́ òsì gan-an nìyẹn.

Ojúṣe wà lọ́rùn òǹkàwé pẹ̀lú. Ẹni tó jókòó nílé ìtàwé tó ń béèrè pé “ta ni ẹ ń bá wí gan-an?” fẹ́ bọ́ aṣọ tí òǹkọ̀wé rọra fi bo ara èèyàn. Ìbéèrè tó dára jù fún un láti gbé lọ sílé ni: “Ṣé èmi kọ́?”

Àwọn Aládùúgbò Wa Náà Mọ̀ Ọ́n

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú. Ní 1933, ọ́fíìsì ìtumọ̀ èdè ti ìjọba ní Zaria, tí kò jìnnà sí wa, ṣe ìdíje ìwé ìtàn àròsọ lédè Hausa. Lára ìwé tó tibẹ̀ jáde ni Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam, àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa, ẹni tó wá di olórí ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Ìwé ẹ̀rín ni ti Imam. Ti Balewa jẹ́ ìtàn ọmọ tí wọ́n jí gbé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àti ìyá tó ń wá ọmọ náà títí tí òun náà fi bọ́ sóko ẹrú. Òwò ẹrú kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fi ń yangàn nílé baba rẹ̀. Balewa kọ ọ́, ó sì fi ọ̀wọ̀ àti àánú kọ ọ́, ìwé náà sì wà nílẹ̀ títí dòní.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin Kano náà mú gègé. Balaraba Ramat Yakubu, tí wọ́n fi fọ́kọ nígbà tó ṣì kéré gan-an, kọ Wa Zai Auri Jahila?, tó jáde ní 1990, nípa ọmọbìnrin tí wọ́n fipá fọ́kọ tí kò sì kàwé. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀ bí ẹni ra àkàrà gbígbóná. Àwọn mìíràn ní ó ń ba ọmọ jẹ́. Ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano dáná sun irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Ìwé jóná, ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tí wọ́n fipá fọ́kọ kò tìtorí ìyẹn dẹ́kun ẹkún.

Àwa Tí A Wà ní Mando

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sórí ara wa. Bí àwọn tó wà ní Iléṣà bá dákẹ́, ilé ṣì wà níbẹ̀ tí ọmọ lè fojú rí. Ogiri á sọ̀rọ̀, sàréè baba ńlá á sọ̀rọ̀. Àwa tí a rìn jìnnà sílé kò ní ogiri yẹn. Àwọn bàbá wa kan bá iṣẹ́ rélùwéè wá, àwọn kan bá òwò wá, àwọn kan wá ṣiṣẹ́ ní Kaduna Textiles tí wọ́n ṣí ní 1957, tó sì kógbá sílé ní 2002 tí ọ̀pọ̀ kò rí owó wọn gbà bọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀nà Birnin Gwari ṣì dùn ún rìn, gáréèjì Mando ni à ń wọkọ̀ sí, a gba Mokwa àti Jẹ́bà, ó di Ìlọrin. Lẹ́yìn náà, àwọn agbébọn sọ ọ̀nà yẹn di ọ̀nà ìbẹ̀rù. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógójì ní ilé ẹ̀kọ́ igbó ní Afaka tó wà nítòsí wa níbí. Gbogbo wa rántí.

A sì rántí oṣù kejì ọdún 2000, a rántí 2002, a rántí 2011. A rántí ẹni tó gbé wa pamọ́, a rántí ẹni tó jí ẹrù wa kó. Nínú ìdílé Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ní àwọn ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n lè wà ní ìhà kan odò, kí àbúrò wà ní ìhà kejì, kí wọ́n má mọ̀ bóyá àwọn yóò tún fojú kan ara wọn. Ta ló ti jókòó sọ èyí fún ọmọ rẹ̀? Bí àwọn ọmọ bá béèrè ìdí tí a fi kó kúrò ní àdúgbò tí a wà tẹ́lẹ̀, a ní ilé ti kéré ni. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú wa dákẹ́. A kò fẹ́ kí wọ́n kórìíra ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò sọ fún pé Hausa kan ló fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sínú ilé rẹ̀, bí ẹlòmíràn bá sọ ìdajì ìtàn fún un níta, ìdajì tó korò nìkan ni yóò mọ̀.

Ẹni tó wà nílé baba rẹ̀ kò nílò láti júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Arìnrìn-àjò ni wọ́n máa ń bi pé, “Daga ina?” Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi àwọn ọmọ wa ní ìbéèrè yìí, ní ilé ìwé, ní ọjà, ní ọ́fíìsì ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ọmọ onílẹ̀. Júwejúwe ni ayé wọn. Bí a kò bá fún wọn ní ìtàn, òfìfo ni wọn yóò máa nawọ́ sí.

Ọwọ́ Ọ̀tún

Ẹ jẹ́ ká tún padà gbọ́ òwe wa dáadáa. Àwọn àgbà kò sọ pé a kì í júwe ilé baba ẹni. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ọwọ́ àrífín. Ẹni tó fi ọwọ́ ọ̀tún júwe ilé lè sọ pé òrùlé ń jò, ó lè sọ pé ògiri kan ti sán, ó lè sọ pé ẹnì kan ń sunkún nínú yàrá kẹta. Nítorí pé ilé náà jẹ ẹ́ lógún ló fi ń sọ ọ́, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan wá tún un ṣe. Bí Àkàrà-oògùn ṣe júwe ilé tirẹ̀ nìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó sọ, kò fi bàbá rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí. Lọ́jọ́ kan, bó pẹ́ bó yá, ọmọ kan tí a bí sí Mando yóò jókòó síwájú tábìlì kan nílé ìtàwé, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ á wà níwájú rẹ̀, a ó sì gbọ́ orúkọ àdúgbò wa, gáréèjì wa, ọ̀nà wa, àti ìbẹ̀rù wa láti ẹnu rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òkèèrè ni yóò ti gbọ́ ohun tí yóò kọ. Ẹ sọ ọ́ fún un nísinsìnyí tí ẹ wà láyé, ẹ sọ adùn, ẹ sọ ìkorò, lédè tó bá gbọ́, kí ẹ sì máa fi Yorùbá bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé máíìkì dé ọ̀dọ̀ wa, kí a má bi í pé ta ló ń bá wí. Kí a ra ìwé náà, kí a kà á délẹ̀, kí a tó bínú, bí ìbínú bá yẹ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ kọ ọ́. Ẹ má fi bú ẹni tí kò lè dá yín lóhùn. Ẹ má sì dákẹ́ nítorí ẹni tó ń fi ìdákẹ́jẹ́ yín pa ẹlòmíràn lára.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìtàn wa parẹ́ ní ìlú tí a ti ń jẹun yìí. Kó fún àwọn ọmọ wa ní ẹnu tí wọn yóò fi sọ ọ́, kó fún àwa náà ní etí tí a ó fi gbọ́ ọ. Kí àlàáfíà jọba ní Kaduna, kí ọ̀nà ilé wa là. Àṣèyí ṣàmọ́dún o. Àṣẹ.